Iná ẹ́síréè, bájì àti ẹ̀jẹ̀ wa: ìbéèrè tí àwọn òṣìṣẹ́ ọsibítù máa ń bi mí l'Ógbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ́síréè lèmi ń yà, ọdún kẹtàdínlógún rèé, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí náà ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan ò lè lọ kí nọ́ọ̀sì kan tàbí pọ́tà tàbí ọmọ IT má fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó wá rẹ ohùn sílẹ̀ bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni iná yẹn ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Mo ti dáhùn ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà tíátà, mo ti dáhùn ẹ̀ lórí ọ̀kadà láti Tákíè títí dé Under G, kódà mo ti dáhùn ẹ̀ níbi ìsọmọlórúkọ tí abọ́ ìrẹsì wà lọ́wọ́ mi. Mo wá ní kí n kúkú kó gbogbo ẹ̀ sójú kan. Bí wọ́n ṣe bi mí náà ni mo ṣe kọ ọ́, orúkọ nìkan ni mo yọ kúrò.

Rédíéṣọ̀n inú iná ẹ́síréè tẹ́ ẹ máa ń pè ní "kékeré, kékeré" yẹn, kékeré sí kí ni?

mSv lẹ máa rí nínú ìwé, òun la fi ń wọn rédíéṣọ̀n tó wọ ara èèyàn. Èyí tí ò bá ti tó 100 mSv làwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀ ń pè ní kékeré. Kò sì séèyàn tí kì í gba tiẹ̀ o, àtẹni tí ò dé ọsibítù rí: ó ń jáde látinú ilẹ̀, látinú àpáta, látojú sánmà, ó wà nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tá à ń jẹ pàápàá, tí wọ́n bá ro ti gbogbo ayé pọ̀ tí wọ́n sì pín in, bíi 2.4 mSv ló ń kan ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́dún. Ẹ́síréè àyà kan ò tó 0.1 mSv. CT ikùn, ìyẹn ẹ́síréè tó ń yí aláìsàn po láti ya inú ikùn, ló wúwo díẹ̀, ìyẹn lè tó 8 sí 10.

Àmọ́ aláìsàn ló ń gba ìyẹn. Tiwa tá a jẹ́ òṣìṣẹ́ ni èyí tó ń ta sí wa lára. Tí iná bá bọ́ sí ara aláìsàn, ó máa ń fọ́n ká, bí ìgbà téèyàn da omi lu àpáta tó wá ta sí ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tẹ́ ẹ bá fi mítà kan jìnnà sí aláìsàn, ohun tó máa kàn yín lára ò ju bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ohun tó bọ́ sára ẹ̀ lọ. Ó kéré, mo gbà. Ṣùgbọ́n aláìsàn gba tiẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ó ti lọ ilé, ẹ̀yin lẹ máa padà wá láàárọ̀ ọ̀la, àti lọ́tùn-únla.

Àjọ ICRP, tó ti ń bójú tó ọ̀rọ̀ yìí fún gbogbo ayé láti 1928, ní kí òṣìṣẹ́ má gbà ju 20 mSv lọ́dún, ìyẹn tí wọ́n bá ro ti ọdún márùn-ún pọ̀ tí wọ́n pín in, kí ọdún kankan má sì ju 50 lọ. Ará ìlú tí ò sí nínú iṣẹ́ yìí, 1 mSv péré.

Kí ló ń bàjẹ́ gan-an? Ẹ̀jẹ̀ ni àbí kí ni?

Ọ̀rọ̀ "ẹ̀jẹ̀" tá a máa ń sọ yẹn, inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ti máa ń yẹ̀ ẹ́ wò ló fà á. Ohun tó ń bàjẹ́ wà nínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara, DNA ni.

Ẹni tó bá ti dé Ìsẹ́yìn rí, tó wo àwọn tó ń hun aṣọ òfì, á tètè yé e. Ẹ rò pé DNA jẹ́ òwú méjì tí wọ́n lọ́ mọ́ra wọn, tí ohun tó wà lára ọ̀kan bá ohun tó wà lára èkejì mu régí. Tí ọ̀kan bá já, ẹni tó ń hun á wo èkejì, á so ó padà, aṣọ ò ní mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Tí méjèèjì bá já lójú kan náà ni wàhálà, torí kò sí èyí tó máa wò mọ́, ó lè so orí mọ́ ìdí, ó lè so òwú aṣọ kan mọ́ ti aṣọ míì, tàbí kí ègé kan jábọ́ sílẹ̀. Kromosóòmù mẹ́rìndínláàádọ́ta ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì wa, ẹ wo bí ìsokúso ṣe lè pọ̀ tó.

Iná ẹ́síréè lè já òwú yẹn fúnra ẹ̀, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù, bí ìdá méjì nínú mẹ́ta, omi inú sẹ́ẹ̀lì ló máa kọ́kọ́ lù, omi yẹn á wá di nǹkan gbígbóná kan tí ò lè jókòó jẹ́ẹ́, òun ló máa lọ kọlu DNA. Tí èèyàn bá gba 1,000 mSv lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, òwú kan máa ń já ní bí ìgbà ẹgbẹ̀rún, méjèèjì á já papọ̀ ní bí ogójì ìgbà. Ẹ wá ṣírò ẹ̀ wálẹ̀ sí 1 mSv: nínú sẹ́ẹ̀lì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, bí ẹyọ kan ni òwú méjèèjì máa já nínú ẹ̀. Ara sì ní àwọn alátùn-únṣe tiẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, torí oúnjẹ tá à ń jẹ àti afẹ́fẹ́ tá à ń mí pàápàá ń ba DNA jẹ́ lójoojúmọ́. Èyí tí wọ́n bá tún ṣe dáadáa ti tán nìyẹn, sẹ́ẹ̀lì tó bá bàjẹ́ jù máa ń pa ara ẹ̀. Èyí tí wọ́n so kúsokùso tó ṣì wá ń wà láàyè tó ń bí ọmọ, òun là ń sá fún.

Ṣé wọ́n ti rí i lára òṣìṣẹ́ ọsibítù lóòótọ́, àbí ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán ni?

Wọ́n ti rí i o. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé: wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, wọ́n á mú irú sẹ́ẹ̀lì funfun kan nínú ẹ̀, wọ́n á sìn ín nínú láàbù fún bíi wákàtí méjìdínláàádọ́ta kó lè bẹ̀rẹ̀ sí í pín, wọ́n á wá dá a dúró lójú pípín yẹn, wọ́n á sì fi máíkírósíkóòpù wo kromosóòmù ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí wọ́n ń wá jù ni kromosóòmù tó ní ìbàdí méjì dípò ọ̀kan, wọ́n ń pè é ní dicentric. Lára ẹni tí ò bá rédíéṣọ̀n ṣe pọ̀, nínú ẹgbẹ̀rún sẹ́ẹ̀lì ẹ lè rí ẹyọ kan tàbí méjì, tó bá ti pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á ti mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Òmíràn tí wọ́n tún ń kà ni micronucleus, ègé kékeré tó jábọ́ tí ò ríbi wọ̀ nígbà tí sẹ́ẹ̀lì ń pín, tó wá dá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ọmọ tí wọ́n gbàgbé sí ọjà.

Wọ́n ti ṣe irú ìwádìí yìí ní oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè, wọ́n á kó àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ẹ́síréè jọ, wọ́n á kó àwọn òṣìṣẹ́ ọsibítù míì tí kì í dé ibẹ̀ náà jọ, wọ́n á fi wọ́n wéra. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ló rí i pé àbùkù yẹn pọ̀ lára àwọn ará ẹ́síréè ju ti àwọn yòókù lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tó wà lórí bájì wọn (nǹkan kékeré tá à ń fi kọ́ra láti mọ iye iná tó kàn wá) ò kọjá òfin rárá. Àwọn kan ò sì rí ìyàtọ̀ kankan. Mi ò ní purọ́ fún yín, kò dọ́gba. Ohun tó ń dà á rú ni pé ọjọ́ orí máa ń mú un pọ̀, sìgá máa ń mú un pọ̀, tí ẹni tó ń fa sìgá bá pọ̀ níhìn-ín ju tọ̀hún lọ, èsì ti yí nìyẹn.

Tí wọ́n bá rí i nínú ẹ̀jẹ̀ mi, ṣé mo ti ní jẹjẹrẹ nìyẹn?

Rárá o! Ẹ fọkàn balẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé nǹkan kàn yín lára. Bí ẹni tí ẹrẹ̀ ta sí láṣọ ni, a mọ̀ pé ó gba ojú ọ̀nà olómi kọjá, a ò lè torí ìyẹn sọ pé ó ṣubú.

Àmọ́ ẹ má fi ọwọ́ rọ́ ọ tì náà. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Nordic àti Ítálì tọ àwọn èèyàn tí wọ́n ti yẹ kromosóòmù wọn wò lẹ́yìn fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì rí i pé àwọn tí àbùkù wọn pọ̀ ló ní jẹjẹrẹ ju àwọn tí tiwọn kéré lọ, ohun yòówù tó ti fa àbùkù ọ̀hún. Tá a bá kó èèyàn púpọ̀ jọ ni èyí ń sọ̀rọ̀ lé lórí, kò lè sọ ti ẹnì kan fún un.

Nǹkan kan tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀: dicentric yẹn kì í pẹ́ lára, bí ọdún ṣe ń lọ ló ń dín kù torí sẹ́ẹ̀lì tó ní in kì í lè pín dáadáa. Èyí tí kromosóòmù méjì fi ègé ara wọn ṣe pàṣípààrọ̀ ló máa ń pẹ́, ó lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun ni wọ́n máa ń wá lára ẹni tó ti ṣiṣẹ́ pẹ́.

Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wa lọ́dọọdún ní ọsibítù, tí wọ́n ń ṣe PCV àti FBC sí (láti mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe tó àti iye sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀), ṣé kì í fi hàn?

Kò lè fi hàn. Àfi téèyàn bá gba bíi 500 mSv lẹ́ẹ̀kan náà kí iye sẹ́ẹ̀lì tó bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ dé ibi tí wọ́n á rí i. Ó dáa kẹ́ ẹ ṣe é fún ibà àti àìlẹ́jẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi èsì PCV 42 sọ fún yín pé rédíéṣọ̀n ò kàn yín o.

Bọ̀dá, wọ́n ní ọmọbìnrin nìkan làwọn ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ẹ́síréè ń bí. Àwọn àna mi ti ń sọ ọ́.

Hàà, èyí! Látìgbà tí mo ti wà nílé ẹ̀kọ́ ni mo ti ń gbọ́ ọ. Ọkùnrin méjì àti obìnrin kan lèmi bí. Ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń ṣe sìfìtì bí obìnrin mẹ́rin, gbogbo ayé wá ń tọ́ka sí i, ẹnì kankan ò tọ́ka sí mi. Báwọn èèyàn ṣe ń kà á nìyẹn. Wọ́n ti wádìí ẹ̀ lóríṣiríṣi, èyí á sọ̀tún, èyí á sọ̀sì, kò sí ẹ̀rí kankan tó dúró. Ẹ sọ fún àwọn àna yín pé ọmọbìnrin náà dáa jàre.

Ti àìrọ́mọbí ńkọ́, torí ìyẹn náà wà nínú ẹ̀: kí àtọ̀ ọkùnrin tó dín kù fúngbà díẹ̀, ó ní láti gba bíi 150 mSv sójú ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kó tó gbẹ pátápátá, ó ju 3,500 lọ. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ bó ṣe yẹ ò ní rí 150 yẹn ní gbogbo ayé ẹ̀.

Ọmọ tí mo bá bí ńkọ́? Ṣé ohun tó bàjẹ́ lára mi ò ní kọjá sí i?

Ìbéèrè tó tọ́ lẹ bi yìí, òun ló kọ́kọ́ dẹ́rù ba àwọn onímọ̀ pàápàá. Ní 1927, Hermann Muller, ará Amẹ́ríkà, fi ẹ́síréè lu àwọn eṣinṣin kékeré tó máa ń bà lé èso, ó sì rí i pé àwọn ọmọ tí wọ́n bí yí padà, ojú ẹlòmíì, ìyẹ́ ẹlòmíì. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel lórí ẹ̀ ní 1946. Látìgbà yẹn làyà gbogbo èèyàn ti já.

Lẹ́yìn tí wọ́n ju bọ́ǹbù sí Hiroshima àti Nagasaki ní 1945, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tọ àwọn ọmọ tí àwọn tó yè é bí lẹ́yìn ẹ̀, bí ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin (77,000) ọmọ. Ọdún gbọọrọ ni wọ́n fi wò wọ́n. Wọn ò rí i kedere pé àbùkù pọ̀ lára wọn ju ti ọmọ ẹlòmíì lọ. Àwọn òbí wọ̀nyẹn sì gbà ju ohun tí èmi àtẹ̀yin ń gbà lọ fíìfíì. ICRP ṣì fi ìwọ̀n kékeré kan sí i nínú ìṣirò wọn fún ìṣọ́ra, torí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí eṣinṣin àti eku kì í ṣe ohun tá a lè sọ pé kò kàn wá. Tí wọ́n bá bí ọmọ kan ní àbùkù ní ilé òṣìṣẹ́ ẹ́síréè, kí wọ́n má yára di ẹ̀bi rù ú. Àwọn ọmọ tí òbí wọn ò mọ ọ̀nà ọsibítù náà ń ní in.

Mo ti lóyún oṣù méjì, tíátà ni mo wà, wọ́n sì máa ń lo C-arm (ẹ̀rọ ẹ́síréè inú tíátà). Ọ̀gá mi ò tíì mọ̀. Kí ni kí n ṣe?

Sísọ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ o, àǹtí. Mo mọ̀ pé nílẹ̀ wa a kì í fẹ́ kéde oyún kékeré, wọ́n á ní ayé ò dáa, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ká pa á mọ́ títí ikùn á fi yọ. Ẹni tẹ́ ẹ máa sọ fún ò ju ẹni tó ń pín iṣẹ́ àti ẹni tó ń rí sí rédíéṣọ̀n ní ọsibítù yín lọ. Látọjọ́ tẹ́ ẹ bá ti sọ ọ́, ohun tó máa kan ọmọ inú yẹn títí tẹ́ ẹ máa fi bímọ ò gbọ́dọ̀ ju 1 mSv, gẹ́gẹ́ bíi ti ará ìlú. Wọ́n á fún yín ní bájì kejì, abẹ́ épúrọ́ọ̀nù olójéè níbi ikùn lẹ máa fi sí. Ẹ lè sọ pé kí wọ́n gbé yín kúrò nídìí C-arm sí wọ́ọ̀dù. Kò pọn dandan kẹ́ ẹ fiṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ obìnrin ti bímọ wẹ́rẹ́ nínú iṣẹ́ yìí.

Ẹ sọ òtítọ́ fún mi, ṣé iṣẹ́ yìí ń fa jẹjẹrẹ àbí kò fà á?

Ó fà á nígbà kan, gidi gan-an. Nóńbà 1895 ni Röntgen rí ẹ́síréè ní Jámánì. Kò pẹ́ tí gbogbo ayé fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ara wọn dánra wò. Clarence Dally, tó ń bá Edison ṣiṣẹ́ l'Amẹ́ríkà, ọwọ́ ara ẹ̀ ló máa ń fi sábẹ́ iná láti wò ó bóyá ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ jẹrà, wọ́n gé e, wọ́n gé èkejì, ó kú ní 1904. Àwọn Baptist ò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwòsàn wọn l'Ógbómọ̀ṣọ́ nígbà yẹn o, 1907 nìyẹn. Marie Curie náà, tó gbé ẹ̀rọ ẹ́síréè sínú mọ́tò lọ bá àwọn ṣọ́jà lójú ogun, àìsàn tí ò jẹ́ kí ara ṣe ẹ̀jẹ̀ mọ́ ló pa á ní 1934. Ní 1936 wọ́n ri òkúta kan mọ́lẹ̀ ní Hamburg, wọ́n kọ orúkọ àwọn dókítà, nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ tí ẹ́síréè pa sí i lára.

Nígbà tó yá wọ́n gbọ́n. Wọ́n ti ń tọ àwọn òṣìṣẹ́ ẹ́síréè bí 146,000 l'Amẹ́ríkà láti 1982: àwọn tó ti wà nídìí iṣẹ́ kí 1950 tó pé ni jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ àti ti ọmú pọ̀ lára wọn, àwọn tó dé lẹ́yìn ìgbà yẹn tiwọn fúyẹ́. Àwọn dókítà ẹ́síréè ní Gẹ̀ẹ́sì náà, àwọn tó wọlé lẹ́yìn 1954, jẹjẹrẹ ò pa wọ́n ju bó ṣe ń pa àwọn dókítà yòókù lọ. Iṣẹ́ kan náà ni, ẹ̀rọ àti ìṣọ́ra ló yí padà.

Ṣé ó wá ti di òfo ni? Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní INWORKS wo òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ núkílíà tó lé ní 300,000 ní Faransé, Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, wọ́n rí i pé bí àpapọ̀ ohun téèyàn gbà ṣe ń ga ni jẹjẹrẹ ń gùn díẹ̀díẹ̀, àní nísàlẹ̀ níbi kékeré yẹn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ báwọn ICRP ṣe ń ṣírò ẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó ń gba 2 mSv lọ́dún, fún ogún ọdún, 40 mSv nìyẹn. Lórí ìṣirò wọn, nínú ẹgbẹ̀rún irú ẹni bẹ́ẹ̀, bí ẹni méjì ni jẹjẹrẹ lè mú torí iṣẹ́ yìí, yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ tí ì bá mú tẹ́lẹ̀ láìṣe iṣẹ́ yìí rárá. Lójú tèmi, ọ̀kadà tó ń gbé mi lọ síbi iṣẹ́ léwu jùyẹn lọ. Ṣùgbọ́n ẹ fojú sí ibi tí mo ti sọ pé 2 mSv lọ́dún. Ta ló mọ̀ pé 2 ni? Bájì ló mọ̀.

Bájì yẹn náà ńkọ́, ṣé ó ń dá rédíéṣọ̀n dúró ni?

Kò dá nǹkan kan dúró o! Pọ́tà kan wà tó máa ń yá bájì mi kó tó wọlé lọ gbé aláìsàn, ó rò pé bí oǹdè ni. Bájì, ẹlẹ́rìí ni. Kírísítálì kékeré kan ló wà nínú ẹ̀ tó máa ń pa agbára iná yẹn mọ́ sínú, tí wọ́n bá gbé e dé ibi tí wọ́n ti ń kà á, wọ́n á dáná sí i, á tan ìmọ́lẹ̀, bí ìmọ́lẹ̀ yẹn bá ṣe pọ̀ tó ni wọ́n á fi mọ iye tẹ́ ẹ gbà. Oṣù kan tàbí oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń lò ó kí wọ́n tó pààrọ̀ ẹ̀.

Ibi tó ń dùn mí jù lẹ dé yìí. Ibì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, wọ́n á gba bájì lọ́wọ́ wa wọ́n á fún wa ní tuntun, ọdún méjì gbáko èsì kankan ò padà dé ọ̀dọ̀ wa. Tá a bá bèèrè, wọ́n á ní ó wà lọ́fíìsì ọ̀gá. Ọ̀gá á ní ó wà ní akáùńtì. Nígbà tó yá ni mo gbọ́ pé wọn ò sanwó àwọn tó ń kà á, inú dúrọ́ọ̀ ni bájì wa ń sùn. Àwa náà ò sì mọ́ lọ́wọ́: ẹnì kan fi tiẹ̀ sílé torí ó ń bẹ̀rù kó má lọ sọnù, ẹnì kan fi tiẹ̀ há ara épúrọ́ọ̀nù tó kọ́ sínú yàrá ẹ́síréè, bájì yẹn ń gba iná tọ̀sántòru tí ẹni tó ni ín wà nílé tó ń sùn. Òmíràn máa ń bọ́ tiẹ̀ sílẹ̀ tí iṣẹ́ bá pọ̀, torí ó gbọ́ pé tí nọ́ńbà bá ga wọ́n á gbé òun kúrò níbẹ̀, owó házáàdì á lọ. Gbogbo ìwádìí kromosóòmù tí mo sọ lókè yẹn, tó ní bájì ò kọjá òfin síbẹ̀ àbùkù wà, èmi máa ń bi ara mi pé bájì tó wà níbo?

Bẹ́ ẹ ṣe máa wọ̀ ọ́: tó bá jẹ́ ẹyọ kan lẹ ní, níta épúrọ́ọ̀nù, lẹ́bàá ọrùn. Tó bá jẹ́ méjì, ìkejì wà lábẹ́ épúrọ́ọ̀nù ní ìbàdí. Ẹ má yá ẹnikẹ́ni. Ẹ̀tọ́ yín ni láti rí èsì ẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì kúrò níbẹ̀, ẹ gba ìwé ẹ̀ lọ́wọ́. NNRA, àjọ ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2001 lábẹ́ òfin 1995, ló ń ṣàkóso gbogbo ẹ̀ nílẹ̀ wa, àti pé ọ̀nà Ìbàdàn ò jìnnà, National Institute of Radiation Protection and Research, tí wọ́n ń pè ní Federal Radiation Protection Service tẹ́lẹ̀, wà ní Yunifásítì Ìbàdàn níbẹ̀.

Épúrọ́ọ̀nù olójéè wa ti gbó, ṣé ó ṣì ń ṣiṣẹ́?

Ẹ gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ kẹ́ ẹ wò ó, bí wọ́n ṣe ń wo egungun náà ni. Tó bá ti sán nínú, ẹ máa rí ìlà funfun tàbí dúdú tó gba àárín ẹ̀ kọjá. Èyí tí òjé ẹ̀ tó 0.5 mm máa ń dá ohun tó lé ní ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá iná tó ń ta síni dúró, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ń ká a bí aṣọ àdìrẹ tí wọ́n fẹ́ tà lọ́jà Akẹ́sán, kò ní pẹ́ fọ́ sínú. Ẹ kọ́ ọ sórí ìkọ́. Ti ọrùn náà ṣe pàtàkì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé ó ń fún yín lọ́rùn.

Dókítà eegun ní òun ò lè wọ dígí olójéè, ó ń ru òun lójú. Ṣé dandan ni?

Ẹ ní kó rántí pé ojú ló fi ń ṣiṣẹ́. Inú ojú yẹn máa ń ṣe kùrukùru tó bá ti gba bíi 500 mSv lápapọ̀, wọ́n sì ti rí i lára àwọn dókítà tó ń ṣe iṣẹ́ ọkàn lábẹ́ iná. Tẹ́lẹ̀, 150 mSv lọ́dún ni wọ́n gbà fún ojú, ní 2011 ICRP já a wálẹ̀ sí 20. Ti ọwọ́ ṣì jẹ́ 500 lọ́dún, àmọ́ kó má gbé ọwọ́ sínú iná fúnra ẹ̀. Kó sì tẹ ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà tí kò bá wo nǹkan kan, ọ̀pọ̀ wọn máa ń gbàgbé ẹsẹ̀ síbẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń gbọ́ròyìn bọ́ọ̀lù.

Pọ́tà ni mí, èmi ni wọ́n máa ń ní kó di ọmọdé mú. Kò sí bájì fún mi.

Ẹ̀gbọ́n, kò dáa bẹ́ẹ̀. Kò yẹ kó jẹ́ òṣìṣẹ́ kan náà láàárọ̀ lálẹ́. Kí ìyá ọmọ tàbí bàbá ọmọ dì í mú, kí wọ́n wọ̀ ọ́ ní épúrọ́ọ̀nù, torí ẹ̀ẹ̀kan ni tiwọn (tí ìyá bá lóyún, kó má ṣe é). Tó bá di dandan pé ẹ̀yin ni, ẹ wọ épúrọ́ọ̀nù, ẹ na ọwọ́ yín gbọọrọ, kẹ́ ẹ má dúró sójú ọ̀nà iná. Tí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ wá sí wọ́ọ̀dù, ẹ rìn sẹ́yìn. Ẹni tó wà ní mítà méjì ń gba ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tí ẹni tó wà ní mítà kan ń gbà, mítà mẹ́ta, ìdá kan nínú mẹ́sàn-án. Ẹsẹ̀ lásán ló ṣe é, kò sẹ́ni tó máa gbowó ẹ̀ lọ́wọ́ yín.

Ṣé ọkọ mi ò lè gbé rédíéṣọ̀n yẹn wálé fún èmi àtàwọn ọmọ?

Kò lè gbé e wálé. Tí wọ́n bá ti pa ẹ̀rọ ẹ́síréè, iná ti tán, bí ìgbà téèyàn pa gílóòbù ni, kò sí ìmọ́lẹ̀ tó kù sára ògiri. Ẹ fọ aṣọ ẹ̀ pọ̀ mọ́ tiyín. Ibi tí wọ́n ti ń fún aláìsàn ní oògùn tó ní rédíéṣọ̀n nínú, bí irú èyí tí wọ́n ń ṣe ní UCH n'Ìbàdàn, ìyẹn yàtọ̀, ìyẹn lè ta síni lára, wọ́n sì ní òfin tiwọn.

Skáànù oyún àti MRI náà ńkọ́?

Kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ohùn ni skáànù ń lò, mágínẹ́ẹ̀tì ni MRI ń lò.

Wọ́n ní ká máa mu mílíìkì, ká máa lá epo pupa.

Ẹ mu mílíìkì tí ebi bá ń pa yín. Kò sí mílíìkì tó mọ bí wọ́n ṣe ń so DNA. Mo mọ ẹnì kan tó máa ń mu páálí kan kó tó wọṣẹ́, kò sì wọ épúrọ́ọ̀nù, ó ní ó ń wúwo.

Mo ti ṣe iṣẹ́ yìí fún ohun tó lé lógún ọdún láìní bájì. Ṣé ó ti pẹ́ jù?

Bàbá kan ló bi mí léyìí, ó ku díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì. Ohun tó ti kàn yín ò ṣe é bọ́ sílẹ̀, àmọ́ a lè fojú bù ú. Ẹ kọ ọdún tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀, irú ẹ̀rọ tẹ́ ẹ lò, bóyá fíìmù ni àbí kọ̀ǹpútà, bí aláìsàn tẹ́ ẹ ń yà lójúmọ́ ṣe ń tó, bóyá ògiri wà láàárín yín àbí kọ́tìnnì lásán. Ẹni tó mọ̀ nípa físíìsì ọsibítù lè fi ìyẹn ṣírò nǹkan tó sún mọ́ òótọ́. Ẹ lọ yẹ ojú yín wò. Tí dókítà bá bèèrè irú iṣẹ́ tẹ́ ẹ ṣe, ẹ má kàn sọ pé ọsibítù, ẹ sọ pé ẹ́síréè. Tẹ́ ẹ bá ń fa sìgá, èyí lẹ máa kọ́kọ́ fi sílẹ̀, òun náà ń já òwú kan náà. Kẹ́ ẹ sì gba bájì fún oṣù tó kù yẹn, bó jẹ́ mẹ́ta péré.

Bàbá yẹn ti lọ tú ilé. Ó rí àwọn ìwé réjísítà àtijọ́ tó fi ń kọ aláìsàn sílẹ̀ láti 1998, inú páálí Ọmọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n wà, àyán ti jẹ etí wọn. A ti ka dé 2004.